Báwo la ṣe lè máa tọpa ètò ìṣúná àti àbádòfin Kwara láti Àbújá?

Ọmọ Ìgbómìnà, Kúbwà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa níbí ní Àbújá gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Nǹkan méjì là ń tọpa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara. Èkíní ni àtúnṣe ilé ìwòsàn alábọ́dé ìlú wa, tí wọ́n ní ó wà nínú ètò ìṣúná ọdún yìí. Èkejì ni àbádòfin kan tí ìròyìn kan ní ilé ti fọwọ́ sí, tí òmíràn sì ní kíkà kejì ló ṣì wà.

Kò ṣeé ṣe ká máa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé wo gan-an ni ká béèrè, lọ́wọ́ ta ni? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ jáde lóòótọ́? Èyí tó tún ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa: àwọn kan ní tí gómìnà kò bá buwọ́ lu àbádòfin láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó ti di òfin fúnra rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ará Lúgbẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọjọ́ 30 ló wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀. Tó bá ti kọjá, ó ti di òfin nìyẹn. Ẹ ṣáà máa ka ọjọ́.

Lọ́yà Ọ̀kun, Lọ́kọ́jà

Ẹ má bínú, ará Lúgbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tètè tún un ṣe. Abala 100 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ló sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti fi hàn bóyá òun fọwọ́ sí àbádòfin tí wọ́n gbé wá síwájú òun, tàbí òun kò fọwọ́ sí i. Tó bá kọ̀, ilé ló máa tún gbé e yẹ̀ wò. Tí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ìbuwọ́lù gómìnà. Ilé gbọ́dọ̀ jókòó, kí wọ́n dìbò, kí ìdìbò náà sì wà lákọsílẹ̀. Kíka ọjọ́ lásán kì í sọ àbádòfin di òfin.

Ibi kejì tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í rèé: ọjọ́ 30 yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé ṣe kíkà kẹta. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tẹ ẹ̀dà tó mọ́, tí gbogbo àtúnṣe ìgbìmọ̀ ti wọ inú rẹ̀, tí akọ̀wé ilé ti jẹ́rìí sí i, tí wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ gómìnà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè wà láàárín méjèèjì. Torí náà, ẹ má béèrè pé "ṣé ẹ ti parí ẹ̀?" Ẹ bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo lẹ fi ránṣẹ́ sí gómìnà?" Lẹ́tà tí wọ́n fi sìn ín lọ ní ọjọ́ lórí, ọjọ́ yẹn lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ òǹkà.

Kwara ní ọmọ ilé 24, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 16. Níbí ní Kogi, a ní 25, 16 náà ni.

Ará Kàdúná

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ti Kogi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 25 lé díẹ̀ sí 16. Èèyàn 16 kò pé ìdá náà, 17 ló pé e. Níbi tí ọmọ ilé bá ti jẹ́ 34 bíi tiwa ní Kàdúná, 23 ni. Kano tó ní 40, 27 ni.

Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ iye tó gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó kí ilé tó lè ṣiṣẹ́. Ìyẹn wà ní abala 96, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni: 8 ní Kwara, 9 ní Kogi, 14 ní Kano. Ó wúlò láti mọ̀ ọ́n, torí tí ẹ bá rí i nínú àkọsílẹ̀ pé wọ́n sún ìjókòó síwájú láìṣe nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé wọn ò pé iye ni. Àbádòfin yín kò kú, kò sì rìn.

Lọ́yà Ọ̀kun, Lọ́kọ́jà

Òótọ́ lẹ sọ, 17 ni. Ẹ ṣeun.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Ìlọrin

Ọmọ Ìgbómìnà, ohun tó jẹ́ kí ìròyìn méjèèjì takora ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo, "ilé ti fọwọ́ sí i", làwọn akọ̀ròyìn ń lò fún nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Wọ́n ń lò ó tí àbádòfin bá yege ní kíkà kejì. Wọ́n ń lò ó tí ilé bá gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ wọlé. Wọ́n tún ń lò ó fún kíkà kẹta. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ni ilé ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Kíkà kìíní kò ju kí akọ̀wé ilé ka àkọlé lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àbádòfin láti ọ̀dọ̀ gómìnà, lẹ́tà ló máa kọ́kọ́ dé, abẹnugan á sì kà á sí etígbọ̀ọ́ ilé. Kíka lẹ́tà yẹn kì í ṣe kíkà kìíní, ọjọ́ méjèèjì lè yàtọ̀. Kíkà kejì ni wọ́n ti ń jíròrò kókó àbádòfin: ṣé ó yẹ ká ní irú òfin yìí àbí kò yẹ? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àbádòfin ti ń sùn. Ìgbìmọ̀ á pe ìpàdé ìtagbangba, á gba àkọsílẹ̀ èrò àwọn ará ìlú, á sì gbé àbọ̀ wá. Ilé á wá yí ara rẹ̀ padà sí ìgbìmọ̀ gbogbo ilé, wọ́n á máa mú àbádòfin náà ní ìpín-ìpín, kí wọ́n tó wá ṣe kíkà kẹta. Tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Lẹ́yìn ibẹ̀, ó ti pẹ́.

Ìwé méjì ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Order Paper ni èkíní, òun ni ètò iṣẹ́ ọjọ́ ìjókòó. Votes and Proceedings ni èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí ìyàtọ̀ wọn. Order Paper ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ṣe é, torí ohun tó wà lórí rẹ̀ lè di ọjọ́ mìíràn. Votes and Proceedings ló ń sọ ohun tí wọ́n ṣe: ta ló dábàá, ta ló kín in lẹ́yìn, ìgbìmọ̀ wo ni wọ́n gbé e fún, ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n fún un. Ìjókòó tó bá tẹ̀lé e ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i, kété lẹ́yìn àdúrà. Nítorí náà, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Hansard, tí í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, máa ń pẹ́ jù, ẹ ò sì nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ di nọ́ńbà àbádòfin náà mú ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ lè pa àbádòfin méjì tó jọra pọ̀, àkọlé tí ẹ mọ̀ á sì pòórá.

Tí ẹ bá rí i pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ fún oṣù kan àtààbọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé wà ní ìsinmi. Abala 104 ní kí ilé jókòó fún ọjọ́ tí kò dín ní 181 lọ́dún, tó túmọ̀ sí pé ó lè tó ìlàjì ọdún tí ìjókòó kò ní sí. Ẹ sì máa rántí òpin sáà. Ọdún mẹ́rin ni sáà ilé, láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023. Àbádòfin tí wọn ò bá parí kí sáà tó tán, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ìyá Oníṣirò, Gwàrìnpá

Akọ̀wé ti parí ti àbádòfin, ẹ jẹ́ n mú ti owó.

Ẹ má fi orúkọ wá iṣẹ́ náà nínú ìwé ìṣúná, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi wá a. Orúkọ máa ń yí padà láti ìwé kan sí èkejì: wọ́n á pè é ní renovation níhìn-ín, wọ́n á pè é ní rehabilitation lọ́hùn-ún, wọ́n á kọ orúkọ ìlú yín sílẹ̀ láìsí àmì tàbí kí wọ́n ṣì í kọ. Àwọn ìpínlẹ̀ ń lo National Chart of Accounts, ìyẹn àtòjọ nọ́ńbà ìṣirò owó ìjọba, gbogbo ìlà ló ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìnáwó. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ jẹ́ dígíìtì 12. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0521 jẹ́ ti ìlera, 0517 ti ẹ̀kọ́, 0234 ti iṣẹ́ òde, 0215 ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Nọ́ńbà ìnáwó jẹ́ dígíìtì 8. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 21, owó oṣù ni. 22 jẹ́ ìnáwó ọ́fíìsì àti irú wọn. 23 ni iṣẹ́ àkànṣe, ibẹ̀ ni tiyín wà. Nínú 23 náà, 2301 jẹ́ ríra nǹkan, 2302 jẹ́ kíkọ́ tuntun, 2303 jẹ́ àtúnṣe.

Wàyí o, àtúnṣe ilé ìwòsàn jẹ́ 23030105. Kíkọ́ ilé ìwòsàn tuntun jẹ́ 23020106. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé "àtúnṣe", tí ẹ sì rí orúkọ ìlú yín lábẹ́ 23020106, ó lè jẹ́ iṣẹ́ mìíràn ni, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síbi tí kò yẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó máa yọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ìlà náà, ẹ tò ó láti inú ìwé mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: àbá tí gómìnà gbé wá sílé, èyí tí ilé fọwọ́ sí tí gómìnà sì buwọ́ lù, èyí tí wọ́n tún ṣe láàárín ọdún, àti àbọ̀ ìnáwó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ká ní ₦40 mílíọ̀nù ló wà nínú àbá, ilé kò fọwọ́ kàn án, àtúnṣe àárín ọdún gé e sí ₦25 mílíọ̀nù, àbọ̀ oṣù kẹsàn-án sì fi ₦5 mílíọ̀nù hàn. Ìjọba á kọ ọ́ pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti ná. Òótọ́ ni, tí a bá fi wé 25. Tí a bá fi wé 40 tí wọ́n ṣèlérí, ìdá 12.5 péré ni. Ìwé kan ṣoṣo kò lè fi ìyẹn hàn yín.

Nínú àbọ̀ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, òpó méjì wà tó ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀kan jẹ́ ti oṣù mẹ́ta náà nìkan, èkejì jẹ́ àpapọ̀ láti Oṣù Kìíní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ro àpapọ̀ ti ìgbà kìíní, ìkejì àti ìkẹta pọ̀, wọ́n á wá máa pariwo pé ìjọba ná ju iye tí ilé fọwọ́ sí lọ. Àpapọ̀ ti ro ara rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ni kẹ́ ẹ mú.

Tí ọdún bá sì yí, tí ilé kò tíì parí ètò ìṣúná, ìjọba kò ní dúró. Abala 122 gba gómìnà láàyè láti máa ná owó fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú àkókò kan náà lọ́dún tó kọjá. Ẹ má retí iṣẹ́ tuntun nínú owó yẹn.

Ọmọ Ọ̀ffà, Mìnná

Gbogbo ohun tí Ìyá sọ dára, àmọ́ kí ẹ tó wá nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ rárá. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan lè gba owó láti ojú ọ̀nà púpọ̀: ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀, àjọ ìlera alábọ́dé ìpínlẹ̀ tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìjọba ìbílẹ̀, tàbí iṣẹ́ ẹkùn tí aṣòfin àpapọ̀ fi sínú ìṣúná Àbújá. Òmíràn tún ni owó ìlera ìpìlẹ̀ tó jáde látinú Òfin Ìlera 2014, èyí tó ń gba ọ̀dọ̀ àjọ ìlera alábọ́dé wá. Tó bá jẹ́ ti àpapọ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ lè ka ìwé ìṣúná Kwara láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìrí i, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi í pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú títì rí. Ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán títí dé Kàbà, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Tí ẹ bá ń bi ọmọ ilé aṣòfin Kwara pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ ń kàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìlà àpapọ̀, irú èyí tó máa ń sọ pé "àtúnṣe ilé ìwòsàn káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 16". Owó wà níbẹ̀, orúkọ ìlú kankan kò sí. Bí wọ́n tilẹ̀ ná an tán, ẹ ò lè sọ pé ti ìlú yín wà nínú ẹ̀.

Ará Lúgbẹ̀

Mo gba ti ọjọ́ 30 yẹn, Lọ́yà, ẹ ṣeun. Àmọ́ lórí àbọ̀ ìnáwó, ṣebí dandan ni kí gbogbo ìpínlẹ̀ gbé e jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Tí wọn ò bá gbé e jáde, wọ́n rú òfin nìyẹn.

Ìbéèrè kejì: àwa tá a ń gbé Àbújá gan-an ńkọ́? Ilé aṣòfin wo la máa tọpa fún ojú títì àti omi Lúgbẹ̀?

Ìyá Oníṣirò, Gwàrìnpá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn wá láti inú ètò SFTAS, ètò ìṣípayá àti ìjíhìn owó àwọn ìpínlẹ̀, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018, $750 mílíọ̀nù. Ìpínlẹ̀ tó bá ṣe ohun tí wọ́n là sílẹ̀ ló ń gba owó: kí ìwé ìṣúná wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àbọ̀ jáde lásìkò, kí àkọsílẹ̀ ìṣirò tí wọ́n ti yẹ̀ wò tètè jáde. Májẹ̀mú owó ìrànwọ́ ni, kì í ṣe òfin Nàìjíríà, ètò náà sì ti parí. Ohun tó ṣẹ́ kù láti dìrọ̀ mọ́ ni òfin ìṣọ́wóná ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ti ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ ka iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ìyẹn lẹ lè fi bá wọn wí.

Èyí tó wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ni ti ayẹ̀wéwò. Abala 125 fún Ọ̀gá Àgbà Ayẹ̀wéwò ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 90, láti ìgbà tí ìṣirò ọdún bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Akáǹtáǹtì Àgbà, láti gbé àbọ̀ lọ sí ilé. Ìgbìmọ̀ ilé tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú ló máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ará Gwágwáládà

Ará Lúgbẹ̀, Àbújá kò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Abala 299 gbé agbára yẹn fún Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Nítorí náà, ìṣúná olú-ìlú jẹ́ àbádòfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ tó ń gba Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọjá. Méjèèjì ló ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú. Ẹ má wá a nínú ìṣúná àpapọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ lórí rédíò. Òun lọ́tọ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì máa parí ẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá. PLAC, àjọ aládàáni tó ń tọpa iṣẹ́ àwọn aṣòfin, ní ojúlé kan tó ń tọpa àbádòfin Ilé Aṣòfin Àpapọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Lábẹ́ ìyẹn la ní ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́fà: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Wọ́n ní àwọn kánsílọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìṣúná tiwọn. Lúgbẹ̀ wà lábẹ́ AMAC. Ojú títì ńlá jẹ́ ti FCTA, ìyẹn ìṣàkóso olú-ìlú, ọ̀nà inú àdúgbò àti ọjà lè jẹ́ ti AMAC, torí náà ẹ wádìí ẹni tó ni ín kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Àbúrò Kọ̀ǹpútà, Nyanya

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi ti fáìlì kún un, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sú lọ. Tí ẹ kò bá rí ìwé ìṣúná lójúlé ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ wo ojúlé Open States tí BudgIT, àjọ aládàáni tó ń tọpa ìṣúná, ń tọ́jú, ìṣúná ìpínlẹ̀ púpọ̀ wà níbẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà bí àwòrán, ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ wá nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ gé ojú ewé tí ẹ nílò jáde, kó má ju mẹ́gábáìtì 2 lọ, ẹ gbé e sórí Google Drive, kí ẹ fi Google Docs ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, á yí i padà sí ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ tán o. Ó máa ń ka 8 bíi 3, á máa gbé kọ́mà kúrò níbi tó wà. Ẹ ro gbogbo ìlà iṣẹ́ àkànṣe ilé iṣẹ́ náà pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó bá àpapọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ mu. Tí kò bá bá a mu, dígíìtì kan ti yẹ̀ níbì kan. Ẹ tún wo òkè ojú ewé bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún náírà ni, torí 40,000 níbẹ̀ jẹ́ ₦40 mílíọ̀nù.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín: ọjọ́ tí ẹ bá gba fáìlì sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà mọ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà yín. Fáìlì tuntun lè rọ́pò ti àtijọ́ ní ojúlé kan náà, pẹ̀lú orúkọ kan náà, láìsí ìkéde. Ẹ̀dà yín nìkan ló máa jẹ́rìí.

Ará Kàdúná

Ní ti bí ẹ ṣe máa rí ìwé gbà, lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un tí ìwé bá pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín. Ẹ ò ní láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Owó tí wọ́n lè gbà kò ju ti ẹ̀dà ṣíṣe lọ. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin àpapọ̀ ni, kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti yanjú ìyẹn ní Oṣù Kẹrin 2025: ó kan ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ náà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà méjì, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Láìsí òǹtẹ̀, ẹ ò ní ẹ̀rí ọjọ́ tí ọjọ́ 7 náà bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Ìlọrin

Ará Kàdúná, mi ò bá yín jiyàn lórí òfin, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà òfin ń kọjá lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ilé, láti ibẹ̀ sọ́dọ̀ lọ́yà ilé, ó sì lè jókòó síbẹ̀ títí ọjọ́ á fi pé. Votes and Proceedings kì í ṣe ìwé àṣírí. Ẹni kan ní Ìlọrin, tó lè ya ọ́fíìsì akọ̀wé ilé tàbí ilé ìkàwé ilé aṣòfin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó ń kí wọn dáadáa tó sì mọ nọ́ńbà ohun tó ń wá, á gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wá ọmọ ìlú yín kan níbẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Olùrànlọ́wọ́ ọmọ ilé tó ń ṣojú ẹkùn yín náà lè fi fóònù ya Order Paper ránṣẹ́ láàárọ̀ ìjókòó.

Lẹ́tà wà fún ohun tí wọ́n bá fi dù yín, tàbí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ilé rárá.

Ará Kàdúná

A ò ní fẹnu kò lórí ìyẹn, Bàbá. Ẹni tó mọ èèyàn níbẹ̀ nìkan ni ọ̀nà yín máa tètè yọrí sí rere fún. Tí òṣìṣẹ́ yẹn bá kúrò níbẹ̀ lọ́la, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́ kò nílò ojú rere ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìgbómìnà, Kúbwà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. A máa yan ẹni kan ní Ìlọrin fún ti ilé aṣòfin. Tó bá wá jẹ́ pé irú ìlà àpapọ̀ tí Ọmọ Ọ̀ffà sọ yẹn la bá nínú ìwé ìṣúná ńkọ́? Ta la máa kọ̀wé sí, kí sì ni ká kọ gan-an?

Lọ́yà Ọ̀kun, Lọ́kọ́jà

Kì í ṣe ilé aṣòfin. Ilé fọwọ́ sí ìlà kan ṣoṣo, àtòjọ àwọn ìlú wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ná an. Akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń rí sí ìlera, torí òun ni wọ́n máa wá jíhìn níwájú rẹ̀ nígbà ìṣúná tó ń bọ̀. Ẹ má béèrè "gbogbo ìwé lórí ilé ìwòsàn", wọ́n á ní kò yé àwọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ rèé:

"Lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn 2011, a ń béèrè ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí ìlà 23030105 nínú ìṣúná ilé iṣẹ́ yín fún ọdún yìí, ojú ewé báyìí: àtòjọ àwọn ilé ìwòsàn tí owó náà wà fún, pẹ̀lú ìlú, wọ́ọ̀dù àti iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé ìfiṣẹ́fúnni fún èyí tí wọ́n bá ti gbé fún agbaṣẹ́ṣe, àti ọjọ́ àti iye owó tí wọ́n ti san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí di òpin oṣù tó kọjá. Tí wọn kò bá tíì ṣe àtòjọ kankan, a bẹ̀ yín kí ẹ fi lẹ́tà sọ bẹ́ẹ̀ fún wa."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má yọ ọ́. Tí wọ́n bá dáhùn pé kò tíì sí àtòjọ, ìlú yín ṣì lè wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tí ìdáhùn yẹn bá dé ni kẹ́ ẹ gbé orúkọ ilé ìwòsàn yín, pẹ̀lú àwòrán òrùlé àti yàrá ìgbẹ̀bí tó bàjẹ́, lọ bá ọmọ ilé tó ń ṣojú yín.